Ìwé Kan, Ẹ̀tọ́ Mélòó? Ìtàn Oríṣiríṣi Ìwé Ilẹ̀ ní Èkó láti 1852 sí 1978

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ní Èkó ni ó dá lórí ìwé, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìwé ilẹ̀ ni ó ń sọ ohun kan náà. Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìwé ilẹ̀ láti ìgbà tí Ọba Akíntóyè fún àwọn míṣọ́nnárì nílẹ̀ ní 1852 títí di ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ dé ní 1978. Ó ṣàgbéyẹ̀wò ìwé tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí, Crown Grant ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ìwé tí àwọn lọ́yà ń kọ fún títà, ìfidógò, ẹ̀bùn àti ìpín-ogún. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn ni pé orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni ìwé sábà máa ń gbé, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹbí ni àṣà Yorùbá gbà pé ó ni ilẹ̀. Àárín ohun méjèèjì yìí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìfáàrà

Bí ẹnìkan bá ní òun ni òun ni ilẹ̀ kan ní Èkó, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde ni pé: ìwé dà? Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà lẹ́yìn èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà béèrè: irú ìwé wo ni? Rìsíìtì tí olórí ẹbí tẹ̀ka sí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìwé ìtalẹ̀ tí lọ́yà kọ. Ìwé ìtalẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìwé ẹ̀bùn. Ìwé tí a fi yan aṣojú láti bójú tó ilẹ̀ kò sì lè gbé ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ pọ̀ tó.

Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni òun ni ilẹ̀. Ìkíní ni ìtàn ìran, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ti ọwọ́ baba ńlá dé ọwọ́ ẹni tí ó ń pè é ní tirẹ̀. Ìkejì ni ìwé. Ìkẹta ni àwọn ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí ilẹ̀ tí ó fi hàn pé òun ni onílẹ̀, bíi kí ó máa tà á, kí ó máa fi háyà, tàbí kí ó máa dáko lórí rẹ̀. Ìkẹrin ni wíwà lórí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìkarùn-ún ni níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà, nígbà tí gbogbo àmì fi hàn pé ẹni kan náà ni ó ni méjèèjì. Nínú márùn-ún yìí, ọ̀kan péré ni ìwé. Ìtàn ni ó ṣíwájú rẹ̀ nínú ètò náà, ìtàn náà ni ó sì ṣíwájú rẹ̀ nínú ayé àwọn Yorùbá.

Ilẹ̀ kí ìwé tó dé

Ìtàn àwọn ará Èkó sọ pé Ọlọ́fin pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, àti pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn olóyè Ìdẹ́jọ ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ni olóyè onífìlà funfun tí a mọ̀ sí onílẹ̀: Arómirẹ́, Olótò, Olúwa, Onírù, Òjòrá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ààfin ọba gan-an, Ìgá Ìdúngànràn, orí oko ata Arómirẹ́ ni ìtàn sọ pé wọ́n kọ́ ọ sí. Kókó ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì: ọba ni ó ni ìlú, ṣùgbọ́n Ìdẹ́jọ ni ó ni ilẹ̀.

Lábẹ́ àṣà yìí, wọn kì í sábà ta ilẹ̀. Àlejò tí ó bá fẹ́ ibi tí yóò gbé yóò lọ bá onílẹ̀ pẹ̀lú obì àti ọtí. Wọn yóò fi ààlà hàn án lójú àwọn ẹlẹ́rìí, yóò sì máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí àmì pé òun mọ ẹni tí ó fún òun nílẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gba ẹ̀rí ní 1912, Ẹlẹ́sì ti Òdogbolú ṣàlàyé fún wọn pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹni tí ó wà láàyè kò lè dá ta ohun tí òkú àti ọmọ tí a kò tíì bí jọ ni.

Ẹ̀rí ilẹ̀ nígbà náà wà nínú orí àwọn àgbà, nínú igi pèrègún tí ó wà ní ààlà, àti nínú ojú oórì tí ó wà nínú ilé. Kò sí nǹkan tí ènìyàn lè ká sínú àpò gbé lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò kí ó fi yá owó.

Ìwé Dòsùnmú àti òǹtẹ̀ ọba

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní ìparí 1851, Akíntóyè padà sórí ìtẹ́. Ní 1852 ó fún ìjọ C.M.S. ní ilẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó wàjà ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba. Ní àkókò yìí, àwọn Sàró ń dé láti Sàró Lóònù, àwọn Àgùdà ń dé láti Brazil àti Cuba, àwọn oníṣòwò òyìnbó sì ń wá ibi tí wọn yóò kọ́ ilé ìṣòwò sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò wọ̀nyí ti mọ ìwé kíkà, wọ́n sì ti gbé ní ibi tí ilẹ̀ kò ti ní ìtumọ̀ láìsí ìwé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọba pé kí ó fi ìwé ti ẹ̀bùn ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Báyìí ni irú ìwé ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlànà ìwé ilẹ̀ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì tẹ̀ lé. Ohun tí ọba ní lọ́kàn àti ohun tí ìwé sọ lè máà jẹ́ ọ̀kan náà. Ọba gbà pé òun gba àlejò sí ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ìwé ka á pé ilẹ̀ ti di ti òun àti ti àwọn àrólé òun. Àwọn Ìdẹ́jọ ní tiwọn béèrè pé níbo ni ọba ti rí ilẹ̀ tí ó ń fi fúnni.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú àti àwọn olóyè kan tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó gbé Èkó lé ọwọ́ Ọbabìnrin Victoria. Àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ ni William McCoskry àti Norman Bedingfield. Àwọn òpìtàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa bí wọ́n ṣe fi agbára ọkọ̀ ogun mú un tọwọ́ bọ̀ ọ́, àti nípa owó tí wọ́n ṣèlérí fún un lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n fi àpò owó ẹyọ 1,200 díwọ̀n. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan nínú ìwé náà kì í sábà gba àkíyèsí tí ó yẹ ẹ́. Gbólóhùn náà ni pé bí wọ́n bá ń gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé náà yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀.

Ó yẹ kí a wo ohun tí gbólóhùn yìí ṣe. Ṣáájú rẹ̀, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀, a óò pe ẹbí jọ, a óò pe alábàáàlà, a óò sì bi àwọn àgbà léèrè. Nísinsìnyí, àmì kan lórí bébà ti dípò gbogbo ìpàdé wọ̀nyẹn. Wọ́n gba ìlú lọ́wọ́ ọba, ṣùgbọ́n wọ́n fi òǹtẹ̀ sílẹ̀ fún un nítorí pé ó wúlò fún àwọn tí ń ra ilẹ̀.

Crown Grant àti ìbéèrè rẹ̀

Láti 1863, ìjọba amúnisìn yan àwọn kọmíṣọ́nnà láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó ń sọ pé àwọn ni ilẹ̀, kí wọ́n sì fún ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí hàn ní ìwé tuntun. Ìwé yìí ni Crown Grant. Ó sọ pé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni báyìí báyìí ní ilẹ̀ báyìí báyìí. Àwọn tí ó ti ní ìwé Dòsùnmú mú un wá láti gba tuntun, àwọn tí kò ní ìwé kankan rí náà sì wá.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ ìwé yìí. Àkọ́kọ́, ó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní àṣẹ ìlú lọ́wọ́. Èkejì, àwọn oníṣòwò òyìnbó ń gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdógò, nítorí náà ẹni tí ó ní Crown Grant lè gba ọjà àwìn, kí ó sì fi epo pupa san án lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, ó yọ onílé kúrò lábẹ́ ẹni tí ó ti ń mú ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún. Ohun kẹta yìí ni ó bí ìjà. Ẹni tí ó jẹ́ àlejò lánàá ti di onílẹ̀ lónìí, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé.

Gómìnà John Hawley Glover lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti fi tẹ àwọn ènìyàn dó. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé ní 1867, Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ní ibi tí ẹbí Olótò ń pè ní ilẹ̀ tiwọn. Àánú ni ó ṣe fún àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò gbé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà kò tán títí di 1947, nígbà tí ìjọba ní láti ṣe òfin pàtó lé e lórí.

Ìjà ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Kò sí ibi tí ìtàn ìwé ilẹ̀ ti hàn kedere tó Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní erékùṣù Èkó. Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, bá olúwa rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó. Nígbà tí wọ́n gbà wọ́n láàyè láti padà ní 1862, Òṣòdì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí apá kan ìlú, àwọn ará Èkó sì sọ ibẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nítorí ibi tí wọ́n ti wá. Agbo ilé mọ́kànlélógún ni ó wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé inú wọn pọ̀: ọmọ, ìyàwó, jagunjagun, àti àwọn tí wọ́n ń pè ní àrọ́ta, ìyẹn àwọn ẹrú àti ìran ẹrú tí ó wà lábẹ́ olóyè.

Òṣòdì kú ní 1868. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba fúnni ní Crown Grant lórí àwọn agbo ilé wọ̀nyí, ní orúkọ àwọn olórí tí ó wà níbẹ̀. Níbí ni ìbéèrè ti dìde. Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni ó dá ni agbo ilé? Àbí ó kàn di ìwé mú fún gbogbo àwọn tí ó ń gbé níbẹ̀? Tàbí kẹ̀, ṣé oyè Òṣòdì ni ó ni gbogbo rẹ̀, tí àwọn tí ó kù sì jẹ́ ẹni tí ó fi ṣe olùgbé?

Bí ìdáhùn bá jẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé lè ta agbo ilé kí ó sì lé ogún ènìyàn síta. Bí ó bá jẹ́ èkejì, kò lè tà á láìjẹ́ pé wọ́n jọ pinnu. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kẹta, àrọ́ta tí ìyá rẹ̀ bí sínú ilé náà, tí ó sì sin baba rẹ̀ síbẹ̀, kò ní ohun kan ju ìyọ̀ǹda olóyè lọ. Ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Ìwé náà kò sì dáhùn, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi pe irú àjùmọ̀ní bẹ́ẹ̀.

Ìjọba gba apá kan nínú ilẹ̀ náà, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí ó yẹ kí ó gba owó gbà-má-bínú. Ẹjọ́ Sàkáríyáwò Òṣòdì pẹ̀lú Mọ́ríámọ̀ Dákóló àti àwọn mìíràn dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930. Ìdájọ́ náà kò gbà pé Crown Grant ti pa ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ àwọn tí ó ń gbé inú agbo ilé rẹ́. Ìwé òyìnbó wà, ṣùgbọ́n àṣà wà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yan Sir Mervyn Tew láti wádìí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ ní Èkó. Ó parí ìwádìí rẹ̀ ní 1939. Ní 1947, òfin mẹ́rin jáde lórí rẹ̀: ọ̀kan lórí Crown Grant ní Èkó lápapọ̀, ọ̀kan lórí Crown Grant àwọn àrọ́ta, ọ̀kan lórí ibi tí Glover tẹ̀dó, ọ̀kan lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ti kọjá láti 1869 kí òfin tó wá sọ ohun tí ìwé náà jẹ́.

Ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjánì

Bí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ṣe jẹ́ ìjà láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjánì, Olóyè Olúwa, jẹ́ ìjà láàárín ọmọ ìbílẹ̀ àti ìjọba. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ẹbí Olúwa ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Wọ́n ní ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni olóyè náà ní ẹ̀tọ́ sí, nítorí náà owó kékeré ni ó tọ́ sí i. Ilé-ẹjọ́ ní Nàìjíríà gbè sí ìjọba. Olúwa kò gbà. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣúgbàyí lọ́wọ́.

Ní 1921, Privy Council gbé ìdájọ́ kalẹ̀ láti ẹnu Viscount Haldane. Wọ́n ní bí ọba kan bá gbé ìlú lé ọba mìíràn lọ́wọ́, èyí kò sọ pé ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn ti parẹ́. Wọ́n ní kò yẹ kí a máa fi òye òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ìbílẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Wọ́n ní Olúwa, ní orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ sí iye owó ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Èyí tí ó yẹ ní àkíyèsí ni pé Olúwa kò ní Crown Grant lórí ilẹ̀ náà. Ìtàn ìran ni ó gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìtàn ìran náà ni ó sì borí.

Àwọn ìwé tí lọ́yà ń kọ

Láàárín ìparí ọ̀rúndún 19 àti àárín ọ̀rúndún 20, iṣẹ́ ìwé ilẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ àwọn lọ́yà. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní 1900 ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, nígbà tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin tirẹ̀ lórí ohun ìní àti ìwé ìtalẹ̀ ní 1959. Àwọn ìwé tí ó wọ́pọ̀ jù nìwọ̀nyí.

Ìwé ìtalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní conveyance, ni ó ń gbé gbogbo ẹ̀tọ́ tí olùtà ní fún olùrà. Kì í gbé ju ohun tí olùtà ní lọ. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 fi ìlànà náà múlẹ̀: bí olórí ẹbí bá tà á láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí, títà náà ṣeé yí padà, bí àwọn yòókù bá tà á láìsí olórí ẹbí, kò sí títà rárá.

Ìwé ìfilẹ̀dógò kì í ṣe ìwé títà. Ẹ̀tọ́ láti gba ilẹ̀ rẹ̀ padà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó yá owó títí yóò fi san án. Àwọn Yorùbá ti mọ ìfidógò tipẹ́, ṣùgbọ́n nínú ti ìbílẹ̀, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, ọmọ ẹni tí ó fi ilẹ̀ dógò lè san owó náà kí ó sì gba ilẹ̀ baba rẹ̀. Nínú ti lọ́yà, bí ọjọ́ bá pé tí owó kò dé, ayánilówó lè tà á. Ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ ìyàtọ̀ yìí títí a fi lu gbàǹjo ilé wọn.

Ìwé ẹ̀bùn ń gbé ilẹ̀ láìgba owó. Ìwé ìpín-ogún, ní tirẹ̀, kì í gbé ilẹ̀ wá láti ìta: ó ń fọ́ ilẹ̀ ẹbí sí wẹ́wẹ́, kí olúkúlùkù lè dá ní ìpín tirẹ̀, ì báà ṣe ìdí-igi ni wọ́n fi pín in tàbí orí-ò-jorí. Lẹ́yìn ìwé yìí, ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹbí mọ́. Ìwé líìsì ń fúnni ní ilẹ̀ fún iye ọdún kan, yóò sì padà sí ọwọ́ onílẹ̀. Ìwé aṣojú kàn ń fún ẹnìkan láṣẹ láti ṣe nǹkan ní orúkọ onílẹ̀ ni.

Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, apá kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ Yorùbá fiyè sí. Kí lọ́yà tó sọ pé ilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, yóò kọ́kọ́ sọ ìtàn: bí baba ńlá kan ṣe tẹ ibẹ̀ dó, ẹni tí ó bí, bí ilẹ̀ ṣe kan ọmọ, tí ó kan ọmọ-ọmọ. Ìtàn ìran tí àwọn àgbà ń fi ẹnu sọ ni, wọ́n kàn fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àti òǹtẹ̀ dè é ni. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́yà ń wo ilé kí ó tó kọ ìwé.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Nígbà tí arókin bá sọ ìtàn lójú agbo, ẹni tí ó bá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ lè dìde kí ó jà á níyàn. Lọ́yà ń kọ tirẹ̀ nínú ọ́fíìsì, lẹ́nu ẹni tí ó san owó. Òfin Ẹ̀rí ní Nàìjíríà sì sọ pé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti pé ogún ọdún, ilé-ẹjọ́ yóò gba ìtàn inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òótọ́, àyàfi bí ẹnìkan bá fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nípa báyìí, irọ́ tí a kọ sínú ìwé ní ogún ọdún sẹ́yìn lè di ẹ̀rí, nígbà tí òótọ́ tí a kò kọ sílẹ̀ ń kú pẹ̀lú àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n.

Ó tún yẹ kí a rántí pé ìwé ẹnìkan lè padà di ti ẹbí. Bí ẹni tí ó ra ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí àṣà ìbílẹ̀ sì ni ó de ogún rẹ̀, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé, tí wọ́n dá láàárín 1908 àti 1909 lórí ilé Mabínúorí tí ó kú ní 1874, ni ó fi èyí múlẹ̀ ní ilé-ẹjọ́, ó sì tún gbà pé ọmọbìnrin tí ó jẹ́ àgbà lè ṣe olórí ẹbí. Orúkọ baba ṣì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ti di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìforúkọsílẹ̀: irú méjì

Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé ìwé tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kò ní àbùkù mọ́. Ìtàn Èkó kò gbe ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1883 ni òfin ti wà fún fífi orúkọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 1924. Lábẹ́ ètò yìí, ìjọba kàn ń tọ́jú ẹ̀dà ìwé ni. Bí ìwé náà bá ní àbùkù ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé, àbùkù náà wà níbẹ̀ títí. Olùrà méjì lè forúkọ ìwé sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà.

Òfin 1935 gba ọ̀nà mìíràn. Kì í ṣe ìwé ni ó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bí kò ṣe ẹ̀tọ́ gan-an. Ìjọba yóò kọ́kọ́ wádìí, yóò pe ẹni tí ó bá lòdì sí i, lẹ́yìn náà ni yóò kọ orúkọ onílẹ̀ sínú ìwé ńlá, yóò sì dúró tì í. Àwọn apá kan ní Èkó nìkan ni òfin yìí kàn, nítorí náà ètò méjèèjì wà pọ̀ ní ìlú kan náà. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ ní ìhín lè ní ohun tí ó dúró ṣinṣin, kí ẹni tí ó ra tirẹ̀ ní ọ̀hún sì jẹ́ pé ẹ̀dà ìwé ni ó ní.

Ọdún 1978 àti lẹ́yìn rẹ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ànfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ohun tí ó kù fún ènìyàn ni ẹ̀tọ́ láti gbé orí ilẹ̀, ìwé tí ó sì jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ náà ni C of O. Nítorí pé onílẹ̀ kò ní ilẹ̀ gan-an mọ́ lójú òfin, àwọn lọ́yà fi conveyance sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ deed of assignment, èyí tí ó ń gbé ìyókù ọdún tí ènìyàn ní lórí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àyípadà orúkọ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ó sọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ẹni tí a gbà láàyè lórí rẹ̀.

Òfin náà tún sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó tà tàbí fi ilẹ̀ dógò, Gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìwé ìfilẹ̀dógò tí kò ní ìfọwọ́sí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó gba owó ni ó yẹ kí ó wá ìfọwọ́sí náà. Ayánilówó pàdánù ohun tí ó dì mú, àwọn báńkì sì gbọ́n láti ìgbà náà.

Síbẹ̀, C of O kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ léraléra pé bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ṣíwájú, C of O yóò ṣubú. Àwọn ẹbí onílẹ̀ kò sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Èkó ṣì ń lọ bá ọmọ onílẹ̀ kí ó tó lọ bá ìjọba, nígbà mìíràn ó sì ń san owó fún ju ẹbí kan lọ lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo.

Àgbálọgbábọ̀

Láti òǹtẹ̀ Dòsùnmú títí dé C of O, ìwé tuntun kọ̀ọ̀kan ni ó ṣèlérí pé òun yóò parí ìjà ilẹ̀, kò sì sí èyí tí ó parí rẹ̀ nínú wọn. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò mọ̀wé. Ìwé kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sórí èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ láìpa á rẹ́ ni: Crown Grant lórí ẹ̀tọ́ Ìdẹ́jọ, ìwé lọ́yà lórí Crown Grant, ìfọwọ́sí Gómìnà lórí ìwé lọ́yà. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ilẹ̀ Èkó gbọ́dọ̀ ka gbogbo ìpele wọ̀nyí papọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ni. Fún ẹbí, orúkọ tí a fi sínú ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹbí tí ó bá ní kí ẹ̀gbọ́n kan ṣáà fọwọ́ sí i fún gbogbo wọn, láìkọ ọ́ sílẹ̀ pé fún gbogbo wọn ni, ń tún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní 1869 ṣe. Fún àwọn onímọ̀, àwọn ìwé ilẹ̀ tí ó wà ní ilé ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ àkójọ ìtàn ìran Yorùbá tí ó pọ̀ gan-an, tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kò sì tíì fi ọwọ́ kàn. Ohun tí àwọn agbo ilé gbà gbọ́ nípa ara wọn wà nínú wọn, ohun tí ẹni tí ó sanwó fẹ́ kí ayé gbà gbọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yíya méjèèjì sọ́tọ̀ di iṣẹ́ òpìtàn, kò sì yẹ kí ó pẹ́, nítorí pé àwọn àgbà tí ó lè sọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú wọn ń dín kù lójoojúmọ́.